Àna Mi Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Afọ̀nàhàn

Aaluk ọmọ mi,

Èmi Uyarak bàbá rẹ ni mò ń kọ̀wé yìí, èmi tí ìràwọ̀ ń bi léèrè ọ̀nà, tí kò ṣìnà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, tí kò sì bẹ̀rù ẹ̀dá kankan, ìbáà ṣe béárì funfun. Ṣé dáadáa lo wà ní Ottawa? Ṣé ò ń rí ẹran gidi jẹ? Òtútù ibẹ̀ kò ní mú ọ dé egungun. Àlàáfíà la wà, ajá wa sì ti bímọ.

Ẹ̀rọ afọ̀nàhàn tó o fi ránṣẹ́ dé. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, obìnrin kan fọhùn nínú rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, àṣẹ ló ń pa. Ìyá rẹ lọgun, ó ní ìyá òun nìyẹn, ta ló tún ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí èèyàn á fi dìde ńlẹ̀? Mo ní òyìnbó lẹni yìí ń sọ, Panikpak, ìyá ìyá rẹ, kò sì gbọ́ òyìnbó títí wọ́n fi kú. Ó ní ọ̀run ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ló bá sọ ẹ̀rọ ní Panikpak. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí a bá fún lórúkọ òkú, òkú ọ̀hún ló padà dé. Bí mo ṣe di ọkọ ọmọ ẹ̀rọ nìyẹn, tí n kò gbọ́dọ̀ já wọn lẹ́nu mọ́. Láràárọ̀ là ń gbé tíì síwájú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyá rẹ gun ọkọ̀ yìnyín lọ dẹ àgbọ̀nrín. Ó ní kí n fi màmá òun sáyà lábẹ́ aṣọ awọ kí òtútù má bàa mú wọn. Nígbà tá à ń bọ̀, ìjì dé, gbogbo ayé funfun bí inú ẹyin. Ara mi balẹ̀. Ẹ̀fúùfù ti gbẹ́ yìnyín ilẹ̀ bí ahọ́n, gbogbo ahọ́n náà kọjú síbì kan ṣoṣo, òun la fi ń mọ ọ̀nà ilé, ẹsẹ̀ mi sì mọ̀ wọ́n bó ṣe mọ bàtà. Mo fẹ́ yà sósì. Panikpak ní ọ̀tún. Ọ̀tún sì rèé, òkun ni, omi dídì ibẹ̀ kò nípọn ju awọ etí lọ. Ìyá rẹ gbá mi lẹ́yìn, ó ní ṣé n kò gbọ́ màmá ni, alágídí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń dití sí wọn nígbà tí wọ́n wà láyé. Mo bá yà sọ́tùn-ún. Kò pẹ́, omi dídì ké kẹ̀ẹ́ lábẹ́ wa. Panikpak ní ká máa lọ tààrà.

Ibẹ̀ ni òtútù ti pa bátìrì wọn, ni wọ́n bá dákẹ́. Ìyá rẹ ní màmá ti sùn. Mo rọra yí ọkọ̀ padà, mo ń fẹsẹ̀ wá ahọ́n yìnyín lọ, títí a fi gbọ́ igbe ajá wa.

Ìyá rẹ wá ní kó o fi bátìrì tuntun ránṣẹ́, pé àárò màmá ń sọ òun. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, owó epo ọkọ̀ ni kó o fi ránṣẹ́, má fi bátìrì kankan ránṣẹ́. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ ibi tó tínrín láé.

Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ ìyókù yìí. Ti ìràwọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti béárì náà, òótọ́ ni. Àmọ́ pé n kò bẹ̀rù ẹ̀dá kankan, irọ́ gbuu ni, torí ẹ̀rù Panikpak ń bà mí dòní. Òtútù kọ́ ló pa bátìrì. Èmi ni mo tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tí mo yọ ọ́, torí n kò lè wò wọ́n lójú kí n ní wọ́n ṣìnà. Inú bàtà mi òsì ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìyá rẹ sì ń bi mí léèrè ohun tó ń mú mi tiro.

Èmi ni bàbá rẹ,
Uyarak