Orúkọ Mojí Nínú Ìwé Wọn

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í ka lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,

Mo mọ̀ pé ẹ ó ka èyí náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kíní fún ohun tí mo kọ, ẹ̀ẹ̀kejì fún ohun tí mo fi pamọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ka lẹ́tà gbogbo wa, pẹ̀lú awò ojú lórí imú àti bírò pupa lẹ́yìn etí. Ẹ fi bírò sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo purọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ Mojí ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì fi pa irọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ti di ohun tí mi ò lè dá gbé mọ́.

Pearland lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ni mò ń gbé báyìí, láti ibẹ̀ ni mo ti ń wa mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ìjì ńlá kan jà ní Houston nígbà ooru, ó wó òpó iná káàkiri, ọjọ́ márùn-ún la sì fi wà láìsí iná. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sọ fún gbogbo àlejò pé ọmọ yín wà níbi tí iná kì í kú? Èmi tí mo sá fún ariwo jẹnẹrétọ̀ nílé, èmi náà ni mo wá ń wá ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kiri. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó wà ní ìkángun àdúgbò wa ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ wá gba atẹ́gùn tútù, kó sì cháàjì fóònù rẹ̀.

Mo lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan ti ìwé sí iwájú mi pé kí n kọ orúkọ mi. Bàbá, ẹ mọ ẹni tó tọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn tán, tí ẹ ó tún fọwọ́ gbọ̀n ọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo iwájú bàtà oníwàásù tó bá jẹ́ àlejò, bóyá ó ká bíi bàtà ẹni tó máa ń kúnlẹ̀. Mo wo ìwé náà, mo bi ara mi pé ta ló fẹ́ gbé e lọ sí ibo. Lásìkò yìí nílẹ̀ yìí, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù kí orúkọ wọn wà nínú ìwé kankan. Ọkùnrin kan ní òpópónà wa lọ fi ara hàn níbi tí ìjọba ti ní kó wá, kò sì padà wálé. Ìwé tèmi pé, mo ti búra níwájú adájọ́ láti di ọmọ ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Orúkọ tó kọ́kọ́ sáré dé ẹnu bírò ni mo kọ. Mojísọ́lá.

Ìgbà tí mo délé lojú tó tì mí. Nínú gbogbo orúkọ tó wà láyé, orúkọ ẹni tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ kọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo rò pé kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì tí iná dé, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Pásítọ̀ wọn ni, obìnrin ni, Lọ́rà lorúkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì wọ kánfáàsì bíi ti ọmọ iléèwé, kò sí iwájú bàtà tí mo lè yẹ̀ wò. Ó dá mi mọ̀ láti gbọ̀ngàn, ó gé orúkọ náà kúrú sí Mojí, ó bi mí bóyá mo nílò nǹkan kan. Inú mi kò dùn sí i rárá. Báwo ló ṣe mọ ilé mi? Nígbà tó lọ tán, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i pé gbogbo ilé ló ń kàn bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ti ilẹ̀kùn, mo sì fọwọ́ gbọ̀n ọ́n wò.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbẹ̀. Mi ò lọ sìn, mo lọ ṣọ́ wọn ni. Bàbá, ohun tí mo rí kò ṣe é kọ tán. Kò sí obìnrin kan tó fi aṣọ bo orí. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń gbé pọ̀ bíi tọkọtaya ló ń pín búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí pé ọwọ́ mi ti nà kí n tó ronú. Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n fún ẹni tí nǹkan bá rú lójú láyè kó dìde sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní òun ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ àdúrà. Mo di àga mú, mò ń retí ìbáwí tó máa tẹ̀ lé e. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, wọ́n sì jẹ́ kó jókòó.

Ìrètí wọn ló tilẹ̀ ń fu mí lára jù. Ní ìjọ àwa ọmọ Nàìjíríà ní Katy, ibi tí mò ń lọ tẹ́lẹ̀, ìrètí ní ohun tí a fi ń tọ́ka sí i: ilé tuntun, ìwé tó jáde, ọmọ tó gboyè dókítà. Àwọn wọ̀nyí bá ìyàwó ọkùnrin òpópónà wa tí ìjọba mú lọ sí kóòtù kó má baà dá lọ. Adájọ́ kò dá ọkọ rẹ̀ láre. Wọ́n padà wá ní Sọ́ńdè, wọ́n sì kọrin. Kí ni wọ́n ń kọrin lé lórí? Mo wá ohun tí wọ́n ń jẹ nídìí rẹ̀ títí, mi ò rí i, àìrí i náà sì tún ń kọ mí lóminú.

Ìyá Tóbi, ọ̀rẹ́ mi ní ìjọ Katy, pè mí lórí fóònù.

“My sister, ṣọ́ra o. Àwọn èèyàn yẹn, they will just love-love you, kó o tó mọ̀, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ ò sí mọ́. Everything is ‘come as you are.’ Ta ló wá ń yí padà níbẹ̀?”

Ohun tí èmi náà ń rò ló sọ.

“Mo kàn ń wò wọ́n ni,” mo ní.

“For eight months? Ìran wo lò ń wò tí ò tán?”

Ohun tí mi ò lè sọ fún un ni mò ń sọ fún yín yìí. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà ló ń fà mí lọ. Wọ́n á ní ẹ káàárọ̀, Mojí. Wọ́n á ní Mojí, a ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ. Àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ara mi á rọ̀. Nítorí pé ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu yín ló ti jáde.

Ẹ̀yin ni akọ̀wé ìjọ, ẹ̀yin lẹ máa ń ka ìfilọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ ka ti ìgbéyàwó, ẹ ka ti ìpàdé àwọn ìyá, ẹ fi etí agbádá nu awò ojú yín, ẹ sì ka orúkọ ọmọ yín. Mojísọ́lá lóyún láì tíì ṣègbéyàwó, ìjọ sì fi í sábẹ́ ìbáwí, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ohùn yín kò gbọ̀n. Ọmọ ogún ọdún ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin nínú aṣọ funfun mi. Sọ́ńdè mẹ́rin ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, Sọ́ńdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mi ò gbé ojú kúrò nínú ìwé orin. Kó tó di ìkarùn-ún, ó ti kó lọ sí Ìlọrin. Ọmọ tó bí nígbà náà ti di bàbá ọmọ báyìí, Mojí kò sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Níbi ìsìnkú yín, ìta ló dúró sí nínú oòrùn títí a fi gbé yín jáde.

Mo ti ń fura sí ẹ̀yin náà, Bàbá. Ẹ má bínú. Pásítọ̀ ìjọ yín ìbá ti ka orúkọ yẹn. Ta ló ní kí ẹ fi ẹnu ara yín kà á? Ṣé ẹ fẹ́ fi han ìjọ pé ẹ kì í ṣe ojúsàájú ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí ẹnu ẹlòmíràn gbé orúkọ ọmọ yín bẹ́ẹ̀? Mo rántí pé ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ jókòó nínú pálọ̀, ẹ ń gé èékánná, bẹ́ẹ̀ kò sí èékánná kankan mọ́ tó ṣẹ́kù láti gé. Mi ò bi yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ojo ni mí, mo dúró dìgbà tí ẹ ò lè dáhùn.

Ní oṣù tó kọjá, Pásítọ̀ Lọ́rà bi mí bóyá màá fẹ́ kí wọ́n gbà mí wọ ìjọ. Wọn a máa ka orúkọ ẹni tuntun sókè níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n máa ka orúkọ, òtútù mú mi nínú ooru Houston. Bí mo bá dákẹ́, a óò tún ka orúkọ Mojí ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì láì bi í, lọ́tẹ̀ yìí èmi ni màá jẹ́ akọ̀wé. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, wọ́n á mọ̀ pé òpùrọ́ ni mo ti ń jẹ́ láàárín wọn. Kí n má parọ́ mìíràn fún yín, ara mi kan ń retí kí wọ́n lé mi, kí n lè sọ pé mo kúkú ti mọ̀.

Ní ọjọ́ Fúráìdè, mo lọ bá Pásítọ̀ Lọ́rà tààrà láti ibi iṣẹ́, mo ṣì wà nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo sọ gbogbo rẹ̀, orúkọ mi gan-an, Mojí, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀, kò sì fi pamọ́, ó ní ó wu òun kí n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá Mojí mọ̀ pé àwọn ti ń gbàdúrà fún un láti ìgbà ìjì. Kò lé mi. Ó ní kí n lọ bi ẹni tó ni orúkọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo pe Ìlọrin. Mojí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mò ń gbọ́ dídún rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

“Wọ́n tún ń pe orúkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì?” ó ní. “Kí ni mo tún ṣe?”

Bàbá, mo sunkún. Mo sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan, pé wọ́n kàn ń kí i ni.

“Wọ́n ń kí mi. Ta ló rán wọn?”

Ọmọ yín lòun náà. Mo wá sọ fún un nípa ìwé orin, pé ojú mi ló wà nínú rẹ̀, ọkàn mi ò sí níbẹ̀, kó dárí jì mí.

“Mo rí ẹ,” ó ní. “Gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń wò ẹ́. Mo ní bóyá o máa bojú wẹ̀yìn.”

Kò ní òun dárí jì mí. Ó kàn béèrè aago tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìsìn náà.

Lánàá, mo dìde níwájú wọn, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ẹni tó ni èyí tí wọ́n mọ̀. Bàbá arúgbó kan rẹ́rìn-ín. Ìyá tó gba orúkọ mi lọ́jọ́ ìjì kò rẹ́rìn-ín, kò sì bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí ìsìn parí. Ó ní ẹ̀tọ́ láti fura sí mi. Pásítọ̀ ka orúkọ mi sókè pẹ̀lú ti àwọn ẹni tuntun, lẹ́yìn náà ló sọ pé inú ìwé àdúrà àwọn ni Mojísọ́lá wà síbẹ̀, nítorí pé Mojí fúnra rẹ̀ ló rán mi sí wọn pé kí wọ́n má yọ ọ́.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ti pe Mojí lórí fídíò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo wojú rẹ̀. Bàbá, Mojí wé gèlè. Ó jókòó nínú pálọ̀ ara rẹ̀ ní Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú gèlè tó le dáadáa lórí, bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ìsìn, nígbà tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn. Ó ní, “Mo wà níbí.” Mi ò tíì fọkàn tán àwọn èèyàn yìí tán, mo ṣì ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà?

Èmi ni, àbúrò Mojí, ọmọ yín tó jogún ìfura yín, tó sì fẹ́ràn yín gidigidi.