Táyà Mẹ́rin Tí Mo Rà fún Àkèré

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá 2025

Àwọn tí wọ́n bí: Ìbítóyè ọmọ mi bí ìbejì ní Ìdogò. Obìnrin méjì, ohùn wọn bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn tó gbéyàwó: Adédọ̀tun ọmọ-ọmọ mi gbé Ìdùnnúolúwa níyàwó, tíṣà, ọmọ Joga. Ọmọ gidi. Ó kàn máa ń dákẹ́ jù. Òkú: kò sí.

Dọ̀tun gbé mọ́tò eré-ìje rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta. Onílẹ̀kùn méjì, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ tóbi. Mo sọ ọ́ ní Àkèré. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀, bí ẹni ń sọ àpò gààrí sí kòtò ni. Gbogbo àdúgbò ń wò — mo rọra ju ọwọ́ sí wọn.

Táyà rẹ̀ ti pá bí orí pásítọ̀ wa. Mo ní èmi ni n óò ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ọjọ́ Ajé, 6

Mo ka ara táyà fúnra mi. Gideon, tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. 225/45R18. Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jíwèé wò nínú ìdánwò. Ti iwájú ni mo kà. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Ìbàdí ń ro mí, ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbejì kì í wọ aṣọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Toyibat tó ń ta táyà bi mí pé ti ẹ̀yìn ńkọ́, pé irú mọ́tò yìí, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ̀ ju tiwájú lọ. Mo ní, Toyibat, ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gorí ìrókò. Ó ní ó dáa, Màmá, mélòó lẹ fẹ́. Mo ní mẹ́rin, bákan náà. Ó tà á. Òwe ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Fọganáísà wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó wo Dọ̀tun. Dọ̀tun wò mí. Ó ní fún un pé, so ó mọ́ ọn, Màmá ló rà á. Mo rò pé inú rẹ̀ dùn jù ni. Àwọn táyà àtijọ́ wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Ewúrẹ́ ti fi ọ̀kan ṣe ibùsùn.

Ọjọ́rú, 8

Òjò láti àárọ̀. Tọkọtaya gbé Àkèré lọ kí àwọn àna ní Joga.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ọ̀kadà ló gbé Ìdùnnú dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ní kọ́nà tó ṣáájú Joga, ìdí Àkèré kọ̀, kò tẹ̀ lé orí rẹ̀. Ó pòòyì, ó kọjú síbi tí wọ́n ti ń bọ̀, ó bọ́ sóko ẹ̀gẹ́. Igi ńlá kan wà níbẹ̀ — Ìdùnnú ní àlàfo tó wà láàárín àwọn àti igi náà kò gba ewúrẹ́. Kò sẹ́ni tó fara pa. Dọ̀tun ń wá ẹni tí yóò fa mọ́tò jáde.

Mo ní eré àsápajúdé ni. Ìdùnnú wo ilẹ̀. Ó ní, ẹ má bínú, Màmá, kò sáré. Táyà ẹ̀yìn ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún rímù rẹ̀. Ọmọ yín mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

Ó ní, ta ló fẹ́ sọ fún yín?

Ọmọ tó máa ń dákẹ́. Mo bu omi fún un kó fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo lé ewúrẹ́ dìde. Mo bẹ̀rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn àtijọ́: 255/40R18. Gbangba. Mo gbé e nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwájú — wọ́n ga bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan sanra ju èkejì lọ.

Mo lọ bá Toyibat. Ó gbé àga fún mi, ó ní kí n jókòó, bóyá n óò rí i láti ibẹ̀. Ọmọ burúkú. Ó wá ṣàlàyé. Nọ́ńbà kìíní ni ìbú táyà. Èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ara ìbú náà ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀: ogójì nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ìbú bá pọ̀ sí i, èkejì gbọ́dọ̀ dínkù, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè ga bákan náà. 18 ni rímù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Àkèré ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun ló ń ti mọ́tò lọ, òun ló nílò àtẹ́lẹsẹ̀ tó gbòòrò.

Kẹ́hìndé gan-an nìyẹn: ó bọ̀ kẹ́yìn, òun sì ni àgbà, òun ló rán Táyé níṣẹ́. Èmi ìyá àgbà ìbejì, mi ò rántí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Dọ̀tun ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abẹ́òkúta, ó fi Àkèré sílẹ̀ lọ́dọ̀ àna rẹ̀. Mo pè é. Mo ní táyà ẹ̀yìn yẹn kò dára. Ó ní ó dára, Màmá, ẹ ṣeun. Mo ní kò dára. Ó ní ọ̀nà ló ń yọ̀. Mo ní, ṣé ìwọ lo rà á ni?

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá tún ṣì í, kó sọ ọ́ lójú mi, kó jẹ́ kí n bínú. Ìbínú mi ò pa ẹnikẹ́ni rí. Kọ́nà Joga ti pa.

Méjì tiwájú á dúró, wọ́n bá a mu. Toyibat ní òun á ra méjì yòókù padà ní ìdajì owó, olè náà. Kò ní èyí tó fẹ̀, Abẹ́òkúta ló wà. Mo ti tú owó tí mo ń kó jọ fún eyín tuntun. Ẹran á dúró dè mí.

Táyà ẹ̀yìn méjì, 255/40R18. Mo ń fi ₦290,000 ránṣẹ́ sí Dọ̀tun.