Ìkíni Tí Wọ́n Kí Mi Lọ́jà

Adja-Ouèrè, oṣù kẹfà, 1954

Bàbá mi,

Èmi ni mo máa ń gbálẹ̀ àgbàlá níbí láràárọ̀. Mo máa ń fi ẹ̀yìn rìn bí mo ti ń gbá a, kí ipa ẹsẹ̀ mi má baà hàn lórí yẹ̀pẹ̀ tó ti mọ́. Ìyá Jeanne tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn yìn mí fún un. Ẹ má ṣèyọnu, ara mi le.

Lánàá, mo rí Ìyá Ràṣídì tó máa ń ti Kétu wá ra epo lọ́jà. Inú mi dùn láti gbọ́ ohùn ará ilé. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní, “Sìkírátù, kú ará fẹ́ra kù o.”

Mo béèrè pé ta ló kú. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, “Àṣìsọ ni. Mo rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni.” Bẹ́ẹ̀ orúkọ mi ni wọ́n pè.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, Ìyá Jeanne ní, “Ẹnu obìnrin yẹn kì í dákẹ́. Jẹun, jàre.” Wọ́n bu ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò sí abọ́ mi. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sí mi pé ara Ìyá mi ti ń yá, kí n gbájú mọ́ ìdánwò sètífíkà. Mo dúpẹ́. Mi ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí Àmínátù máa sùn lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà á.

Lọ́la ni ìdánwò náà. Màá jókòó, màá kọ gbogbo rẹ̀ tán, kí n tó sunkún.

Ọmọ yín,
Sìkírátù