Ilé Bàbá àti Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Ilé Ọdẹ Àgbà,
Ọ̀fà.
18 Nòfẹ́ńbà, 1961.

Olúyẹmí, àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàdúrà pé kí òtútù Kàdúná má ṣe yín ní jàǹbá, kí lẹ́tà yìí sì bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ara tiwa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Màmá ti ń jẹun dáadáa. Wàá rí ìdí tí mo fi kọ èyí sílẹ̀.

Àwọn fúláàtì rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kúrò nílẹ̀. Ògiri ìsàlẹ̀ ti dé ojú fèrèsé, gbogbo ẹni tó bá ń ti ìdíkọ̀ réluwéè bọ̀ ló ń dúró wò ó. O ṣeun, ọmọ ìyá mi, o ò gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n jókòó dáadáa, nítorí díẹ̀ ló kù kí o fi ọwọ́ ara rẹ wó ilé Bàbá lóṣù tó kọjá. Mo dúró kí ìbínú mi rọ̀ ni, kí n tó kọ̀wé.

Ṣé o rántí ohun tí o kọ sí Adétóyè, ọmọ Bàbá Kékeré wa, nígbà tí o fi pílánù ránṣẹ́? O kọ ọ́ báyìí: "E ma wo ile Baba nitori ile titun." Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀! "Ẹ má wó ilé Bàbá" lo ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Adétóyè, akọ̀wé wa tí kì í dúró ronú, gbóhùn sókè níwájú Màmá àti gbogbo ẹbí, ó kà á pé, "Ẹ máa wó ilé Bàbá nítorí ilé titun." Áà! Ìwọ tí mo fi pàṣán kọ́ ní àmì ohùn!

Àwọn ẹbí rán an létí pátákó irin tí ìjọba kàn mọ́ ògiri lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, pé ilé àtijọ́ ni, orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Adétóyè ní ọmọ onílé ti sọ̀rọ̀, kí ni ti pátákó? Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.

Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà mi n'Íjagbó, n kò gbọ́ nǹkan kan títí di Sátidé tí mo wá kí Màmá. Mo bá a lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀: ẹní, ìkòkò méjì, àti aṣọ òkè tí Bàbá wa olóògbé fi fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ọmọ mi ló ní kí n jáde. Má bá a jà, Caroline. Ó ti dàgbà, ó mọ ohun tó fẹ́." Wọ́n ní ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń kan ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka lẹ́tà náà. Olúyẹmí, mo sunkún. Inú ilé yẹn ló bí ọ sí, òun náà ló sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí o lè wó o. Ká ní o wà nítòsí ni, ǹ bá gbá ọ létí pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ.

Tàjùdéèn bíríkìlà ni kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti Mọ́ńdè yẹn ló ti ń wá àwáwí. Lọ́jọ́ kìíní, díígà rẹ̀ kán. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ń dùn ún. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun ń lọ wá èèkù díígà l'Ójòkú, kò sì padà títí di Fúráìdé, bí ẹni pé kò sí igi l'Ọ́fà! Bó ṣe rí mi, ó tẹ́ pílánù rẹ sílẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ pílánù. Ilé Ìyá rèé, wọ́n yà á síbí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni wọ́n fi sílẹ̀ láàárín, kí òjò orí páànù tuntun má baà máa dà sára ògiri amọ̀ wọn. Ta ló ń ṣọ́ ògiri tó fẹ́ wó?"

Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Adétóyè, mo kà á bó ṣe yẹ. Màmá ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Lẹ́yìn náà, ó tú ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e, ó sì ní òun fẹ́ jẹ iyán. Adétóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Màmá ní kó dìde wá jẹun.

Nítorí náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o ro ti ògiri Bàbá kí o tó ro ti tìrẹ. Tí o bá wálé ní Kérésì, fẹnu ara rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tàjùdéèn. Jọ̀ọ́, má fi lẹ́tà dúpẹ́ o.

Ọlọ́run tó dá ilé Bàbá sí yóò dá ilé rẹ sí. Ayọ̀ ni wọn yóò máa bá nínú ilé tuntun náà, ojú Màmá yóò sì rí òrùlé rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tíṣà rẹ tí kò tíì sinmi,
Caroline.

Àfikún: Mo dá lẹ́tà rẹ padà sínú èyí. Màmá ló ní kí n fi ibi tó yẹ kí àmì wà han òun, ó sì gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi. O mọ̀ pé kò di pẹ́ńsù mú rí láyé rẹ̀. Òun ló fi àmì sórí "ma", tó tún fi sórí "wo". Ó tẹ ìkejì débi pé ó lu bébà. Mo fẹ́ tún un ṣe, ó kọ̀. Ó ní kí o máa wò ó.