Ìwo Ìgalà Ara Ògiri

Ayọ̀bọ̀, Ọjọ́rú, oṣù Ọ̀pẹ, 1975

Mùfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti dolóògbé, wá lónìí. Ilé ti gba igbó wa tán, ó ní òun fẹ́ lọ pa ẹfọ̀n ní Òkè-Ògùn. Ọ̀la ni yóò ra ìbọn ráífù. Ṣé kó ra ọlọ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àbí ọlọ́ta ńlá?

Kí n tó fèsì, ó ti nawọ́ sí ìwo ìgalà ara ògiri. "Bàbá, ṣebí ọta tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ fi pa èyí? Ọlọ́ta ńlá á kàn fọ́ mi léjìká ni jàre!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ojú ló ń pa ẹran."

Irọ́ ni. Ọta mi kàn dá ọgbẹ́ sí i lára ni, ó sì sá lọ. Bàbá Mùfú ló pa á. Ṣùgbọ́n òfin ọdẹ ni pé ẹni tí ọta rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba ẹran ló ni ín, ni wọ́n ṣe fún mi níwo. Èmi ni mo sọ ìwo di ìyìn.

Ìgalà tó gbọgbẹ́ a máa sá. Ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́, ọdẹ ló ń padà wá bá.

Mo ti já ìwo náà kúrò lára ògiri. N ó gbé e fún Mùfú kó tó jáde lọ ra ìbọn láàárọ̀ ọ̀la, n ó sì sọ fún un pé ọta ńlá bàbá rẹ̀ ló pa á.