Ìbọn Ọlọ́ta Mẹ́fà Ilé Orrin

Verna ìyàwó mi,

Ara mi le, má fòyà. Mo ti rí ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí mo ń wá kiri Montana. Ọ̀pá ẹnu rẹ̀ kúrú, àmọ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe rọ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ayùn gé e.

Orrin, bàbá àgbà tó ni ín, gbà mí lálejò. Ó ní, "Ẹni tó wá wò ó ṣáájú rẹ kánjú, kò sì délé." Mo rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ń bá mi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi, ó ní yìnyín pọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti ki ọta sínú ìbọn náà.

Òun ló máa fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́, ó ní òun á kọ́kọ́ kà á. Èèyàn dáadáa ni.

Kí Lyle ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi. Ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé gan-an ni kí o lọ kí i níbi iṣẹ́, kó tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ọkọ rẹ,
Clayton