Fọ́tò Méje Tí Mo Kọ Ojú Wọn Sí Ògiri

                                        Ẹ̀bá Ilé Búrẹ́dì Chedly,
                                        Kraten,
                                        Kerkennah.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Ẹ̀gbọ́n Wajdi mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín ní Marseille o. N kò lu Ọ̀gbẹ́ni Ghazi, n kò sì fa fọ́tò kankan ya. Ohun tí mo ṣe dùn ún ju ìgbájú lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn yín nígbà òtútù ńkọ́? Ara bàbá yín le. Lánàá ni wọ́n jẹ kuskusi tèmi mọ́ tiwọn.

Ẹ mọ̀ pé ìgbìmọ̀ kan ń ṣe ìwé nípa àwọn onífọ́tò erékùṣù wa. Ọ̀gbẹ́ni Ghazi, tíṣà tó kọ́ mi ní ilé ìwé abúlé wa, ni olórí wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi orúkọ bàbá yín síbẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Naoufel, agbábọ́ọ̀lù tó fẹ̀yìn tì ni Tijani. Fọ́tò yẹn, ó fi ń najú ni, kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ẹni tó gbá pẹnáritì sójú ọ̀run, ṣé ojú tirẹ̀ náà la ó fi ríran?"

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo di ẹ̀rín náà sínú.

Ẹ̀gbọ́n, ọdún méjìlá péré ni bàbá yín fi gbá bọ́ọ̀lù. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti fi ya fọ́tò. Òkú ta ni wọ́n sin ní Kraten tí kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n yà ni àwọn ẹbí ń wò sunkún?

Ọjọ́ Sátidé ni ìgbìmọ̀ pàtẹ fọ́tò. Mo rí méje lára ògiri tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn pé, "A kò mọ ẹni tó yà á." Mo mọ̀ wọ́n. Ẹ rántí àmì tí ìdílé wa ń gé sára òpó ọgbà ẹja wa nínú òkun: ìlà méjì, òbìrí kan. Òun ni bàbá yín ń fà sẹ́yìn fọ́tò dípò orúkọ. Ghazi rí i lẹ́yìn mẹ́fà, ó sì ronú bí ọmọ erékùṣù: àmì kì í sọ ẹni tó ri òpó mọ́lẹ̀, ẹni tó ni ibẹ̀ ló ń sọ. Ló bá kọ ọ́ pé ilé wa ni wọ́n ti wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn, mo ń kọ ojú wọn sí ògiri. Ghazi pariwo pé, "Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

Ìyá Mabrouka ló dá a lóhùn: "Fọ́tò ìgbéyàwó mi nìyẹn, ilé mi ló ti wá! Tijani ló yà á. Ó ní kí n pa ẹnu dé, pé eyín mi ń dán jù."

Ẹ̀rín sọ. Mo wá kan ìkeje, bàbá Ghazi fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ilé ara rẹ̀ ni Ghazi ti gbé e wá. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò yí i wò rí. Mo yí i. Ìlà méjì, òbìrí kan.

"Tíṣà," mo ní, "ta ló gbé àmì wa dé ẹ̀yìn fọ́tò bàbá yín?"

Mo na gègé sí i. Mo ń pe orúkọ Tijani, ó ń kọ ọ́ sábẹ́ méjèèje bí àpèkọ ìjọsí. Níbi tí ìkọ̀wé rẹ̀ ti wọ́, mo ní kó tún un kọ, bó ṣe máa ń sọ fún mi. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé náà lójú gbogbo èèyàn, torí ọjọ́ Ajé ló ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Ó kọ ọ́. Ìgbìmọ̀ ní kí n wá tọrọ àforíjì. Èmi kọ́! Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ìyá mi ní kí ẹ mú àwọn ọmọ wálé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá yín? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí. Wọn kò bá mi wí, wọn kò yìn mí, kámẹ́rà ni wọ́n gbé sókè. Fọ́tò náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ ka àwọn tó dúró tì mí: Ìyá Mabrouka, Chedly oníbúrẹ́dì, Ridha tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Mẹ́ta péré nínú gbogbo ìlú. Ẹ wá yí i pa dà, kí ẹ ka ẹni kẹrin.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀,
                                        Naoufel.